Òpó kúkúrú ló bí ẹwà mọ́sálásí Kọ́dóbà

Ó máa ń dùn mí gan-an táwọn èèyàn bá ní àwọn Mùsùlùmí àkọ́kọ́ kàn wo ilé àwọn ará Róòmù kọ́ tiwọn ni. Ẹ jẹ́ ká wo Mọ́sálásí Ńlá Kọ́dóbà ní Sípéènì ná.

Lọ́dún 785 tí Abd al-Rahman Kìíní, ọba Mùsùlùmí tó ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà yẹn, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, òpó àlòkù ni wọ́n kó jọ, èyí tí wọ́n yọ lára ilé àtijọ́ àwọn ará Róòmù àti Visigoth, ìyẹn àwọn tó jọba ní Sípéènì káwọn Mùsùlùmí tó dé. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn òpó yẹn ò ga tó, wọn ò sì dọ́gba, tí wọ́n bá gbé òrùlé lé e bẹ́ẹ̀, inú ilé tó fẹ̀ tó yẹn á ṣókùnkùn, á sì há mọ́ èèyàn láyà. Ni wọ́n bá gbé òkúta mìíràn lé òpó lórí, wọ́n wá fi áàṣì méjì, ìyẹn ohun tí wọ́n mọ kó tẹ̀ bí òṣùmàrè láti òpó kan dé èkejì, so wọ́n pọ̀, ọ̀kan lábẹ́, ọ̀kan lókè, tìsàlẹ̀ ń di òpó mú kó má fì, tòkè ń gbé òrùlé. Bíríkì pupa, òkúta funfun, bíríkì pupa, òkúta funfun, bí wọ́n ṣe tò ó nìyẹn. Áàṣì tìsàlẹ̀ tún ká wọlé bíi irin tí wọ́n ń kàn mọ́ pátákò ẹṣin, àwọn Visigoth sì ti ń lo irú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí fọ́tò ibẹ̀, ẹ wo orí àwọn òpó yẹn dáadáa, ẹ máa rí i pé ọ̀kan ní ewé tí wọ́n gbẹ́ sí i lára, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ò sì jọ ọ́ rárá.

Mọ́sálásí Ńlá Dàmásíkù ní Síríà náà ńkọ́? Ọba Mùsùlùmí tó ń jẹ́ al-Walid ló kọ́ ọ láàárín 706 sí 715, níbi tí tẹ́ńpìlì Júpítà wà rí kó tó di ṣọ́ọ̀ṣì Jòhánù Onítẹ̀bọmi. Gíláàsì wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ oríṣiríṣi àti ti góòlù ni wọ́n fi ṣe ara ògiri lọ́ṣọ̀ọ́, iṣẹ́ táwọn ará Bìsáńtíọ̀mù, ìyẹn ilẹ̀ ọba Róòmù ti ìlà oòrùn tó jẹ́ ti Kristẹni, mọ̀ dunjú, àmọ́ àwòrán ẹni mímọ́ ni tiwọn máa ń kún fún. Ní Dàmásíkù, igi ni, ilé ńláńlá, odò tó ń ṣàn, kò sí èèyàn kan níbẹ̀, kò sí ẹran kan. Iṣẹ́ ọwọ́ yẹn náà ni o, ìgbàgbọ́ tó ń darí ẹ̀ ló yàtọ̀.

Kódà nígbà tó di bíi 960 sí 970, al-Hakam Kejì, ọba Kọ́dóbà, fẹ́ ṣe míhrábù mọ́sálásí yẹn lọ́ṣọ̀ọ́, ìyẹn ibi tó wọnú lára ògiri tó ń fi ibi tí wọ́n á kọjú sí kírun hàn, ó ránṣẹ́ sí ọba Bìsáńtíọ̀mù pé kó wá òṣìṣẹ́ fún òun. Òpìtàn Ibn Idhari kọ ọ́ pé ọ̀gá oníṣẹ́ yẹn dé pẹ̀lú ẹrù gíláàsì, wọ́n fi àwọn ọmọ iṣẹ́ tì í, àwọn ọmọ iṣẹ́ náà kọ́ṣẹ́ títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n jù ú lọ, nígbà tó padà sílé, àwọn ni wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ.