Ìràwọ̀ Kì í Po Kọnkéré

Oṣù méjì gbáko ni mo fi jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tí mò ń wo fọ́tò títì. Wọ́n so kámẹ́rà mọ́ orí mọ́tò, mọ́tò ń lọ, kámẹ́rà ń ya fọ́tò. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa dúró ní mítà 100, mítà 100, kí n kọ ohun tí mo bá rí sílẹ̀. Ṣé ọ̀dà ló wà létí títì àbí iyẹ̀pẹ̀ lásán? Ṣé igi wà nítòsí? Gọ́tà ńkọ́, ṣé ó ní ìdérí? Ohun tí mo ń kọ fún mítà 100 péré lé ní 50. Tí mo bá délé tí mo dijú, títì ni mò ń rí.

iRAP ni wọ́n ń pe ètò náà, ètò tó ń yẹ ààbò títì wò kárí ayé. Títì ni wọ́n ń fún ní ìràwọ̀, láti 1 tó burú jù dé 5 tó dára jù. Ti ẹni tó wà nínú mọ́tò yàtọ̀, ti ọlọ́kadà yàtọ̀, ti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn yàtọ̀, ti ẹni tó ń gun básíkù náà yàtọ̀. Mi ò lè gbàgbé fọ́tò kan: ìyá kan ń sun àgbàdo, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ààrò rẹ̀ há sáàárín ìlà funfun àti gọ́tà, ibi tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹsẹ̀ méjì lọ. Títì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀dà tuntun ni, ó ń dán gbinrin. Nígbà tí èsì jáde, onímọ́tò gba 3 níbẹ̀. Ìyá alágbàdo gba 1.

A di ìwé èsì náà pọ̀, ó nípọn. Iléeṣẹ́ ìjọba kan gbà á lọ́wọ́ wa, wọ́n ya fọ́tò, a jẹ mítípáì. Ọdún kejì tí mo padà débẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ mìíràn, mo rí ìwé wa. Fáànù ni wọ́n gbé lé e lórí kí atẹ́gùn lè kan ọ̀gá.

Inú bí mi. Àmọ́ nígbà tí mo ro ó dáadáa, mo rí i pé àwa náà jẹ̀bi. Ètò iRAP yìí kì í fi ìràwọ̀ nìkan sílẹ̀. Ó ń wo oríṣi àtúnṣe tó lé ní 90, ó sì ń ṣírò iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa náni àti iye ẹ̀mí tó lè dá sí. Ẹ̀yìn ìwé pátápátá la sin ìyẹn sí, pẹ̀lú gírámà tí ẹnikẹ́ni ò lè kà parí lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ẹni tó ń ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì kò mọ bí wọ́n ṣe ń ra ìràwọ̀. Ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó parí sí àti èló ló máa bèèrè.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó ni wọ́n kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. Ní 2016, ìjọba wọn ya mílíọ̀nù pọ́n-ùn 175 sọ́tọ̀ fún títì 50 tí ìwádìí àjọ Road Safety Foundation fi hàn pé ó léwu jù. Káńsù tí ọ̀kan nínú títì náà bá wà lábẹ́ rẹ̀ wá jókòó, ó fi irinṣẹ́ ìràwọ̀ kan náà ṣírò ohun tó fẹ́ ṣe. Níbí ní Nàìjíríà, òfin FERMA, àjọ tó ń tún títì ìjọba àpapọ̀ ṣe, tí wọ́n tún ṣe ní 2007 ti ní kí wọ́n máa yọ ìdá 5 nínú 100 lára owó epo fún títì: ìdá 40 nínú 100 owó tí wọ́n bá yọ fún FERMA, ìdá 60 fún àwọn ìpínlẹ̀. Ẹ wo títì iwájú ilé yín kí ẹ dá ara yín lóhùn. Mi ò fẹ́ wọ ẹjọ́ owó epo lónìí, ilẹ̀ á ṣú bá wa níbẹ̀.

Màmá mi ló gbà mí sílẹ̀. Olùkọ́ àgbà ni wọ́n ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ládùúgbò wa, ọlọ́kadà sì ti gbá ọmọ kíláàsì kejì kan lẹ́nu géètì wọn. Wọ́n ní, “Ìwọ tó ń pín ìràwọ̀ kiri, ṣé tiwa ò kàn ni?”

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìràwọ̀ kì í po kọnkéré.”

“Ta ló ń pò ó? Kọ̀wé sí i.”

Mo dúró lẹ́nu géètì náà láàárọ̀ méjì, mo ń ka ọmọ tó ń kọjá sódì kejì. Mo wá kọ ojú ìwé kan péré: bọ́ǹpù méjì, ìlà zébrà, àti kọnkéré tí wọ́n máa fi bo gọ́tà fún mítà 120 kí àwọn ọmọ lè máa rìn lórí rẹ̀. Iye owó wà níwájú ohun kọ̀ọ̀kan. Mi ò dárúkọ ìràwọ̀ rárá. Oṣù Kẹsàn-án ni mo gbé e lọ sí káńsù, kí wọ́n tó ti bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀ pa. Ẹnjiníà wọn kà á lórí ìdúró. Ó ní, “Èyí dáa. Mo mọ ibi tí mo máa kọ ọ́ sí.”

Oṣù Kẹrin ni wọ́n dé. Wọ́n ṣe bọ́ǹpù méjèèjì, wọ́n bo gọ́tà fún mítà 80, símẹ́ńtì tán. Wọ́n yọ ọ̀dà zébrà kúrò nínú owó náà, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ló dáwó rà á. Kápẹ́ńtà àdúgbò ló kùn ún, ìlà rẹ̀ wọ́ díẹ̀, àmọ́ ọlọ́kadà ń dúró.

Tírélà oníyanrìn ti ń fọ́ bọ́ǹpù kejì báyìí. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé Oṣù Kẹsàn-án tó ń bọ̀: mítà 40 tó kù ló wà lókè, bọ́ǹpù tẹ̀ lé e, ọ̀dà funfun gálọ́ọ̀nù méjì ló kẹ́yìn.