Nọ́ọ̀tì Méjì Ṣẹ́kù

Láàárín oṣù kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ra gáàsì sí AC píkọ́ọ̀pù mi. Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, òtútù á mú wa. Tó bá di ọjọ́ karùn-ún, atẹ́gùn tó ń jáde á dà bí ìgbà tí ajá ń mí síni lójú. Lẹ́ẹ̀kẹta ni ọmọkùnrin tó ń bá mi ṣe AC ní Mayfair bá po ọṣẹ mọ́ omi, ó fi fóòmù ra iwájú kọ́ńdẹ́nsà. Ojú kan níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ẹnu ọmọ ọwọ́ tó mu ọmú yó. Òkúta ojú títì ló ti lù ú.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ojú ọ̀run Ifẹ̀ lẹ ti ń ra gáàsì fún látọjọ́ yìí o."

Ẹni tí kò bá mọ kọ́ńdẹ́nsà, òun ni pẹlẹbẹ tó jọ rédíétọ̀, tó wá dúró níwájú rédíétọ̀ gan-an. Inú rẹ̀ ni gáàsì gbígbóná tó ti ọ̀dọ̀ kọ̀m̀pírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì pọ̀, wá ti ń tutù, tó ń di olómi. Níbi tó dúró sí yẹn, òun ni gbogbo òkúta kọ́kọ́ ń kí.

Ọmọkùnrin náà dá owó iṣẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ wo nọ́ọ̀tì tó di nǹkan ọ̀hún mú: mẹ́rin péré! Nọ́ọ̀tì mẹ́rin la fẹ́ gba irú owó yẹn lé? Mo ní kó fa gáàsì tó kù jáde, èmi fúnra mi ni màá pààrọ̀ rẹ̀ nílé, tí mo bá parí kó wá fún un ní gáàsì. Ó wò mí títí, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà." Ẹ mọ irú ẹ kú iṣẹ́ yẹn.

Ọjọ́bọ̀ ni mo tú u. Tóbi, ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, ló gbé agolo mílíìkì tí mò ń ju nọ́ọ̀tì sí dání. Mo yọ gírìlì. Nínú kílíìpù márùn-ún, mẹ́ta kán. Mo tú họ́ọ̀nù onígbín méjì tó dí mi lọ́nà, mo kó wọn sílẹ̀. Mo ti ra dírayà tuntun, èyí tó ń fa ọ̀rinrin inú gáàsì, àti rọ́bà róbótó tẹnu páìpù, torí wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé a kì í dá ti àtijọ́ padà. Mo fi ọ́ìlì kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ pa àwọn rọ́bà náà bí ẹni ń pa ọmọ ìkókó ládìí. Agogo mẹ́ta ni mo bẹ̀rẹ̀; nígbà tí mo máa fi dá gírìlì padà, ilẹ̀ ti ṣú.

Nọ́ọ̀tì méjì ṣẹ́kù sínú agolo.

Mo mì í wò. Mo wo abẹ́ ọkọ̀. Mo ní, àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí náà máa ń fi jàǹrá sí i.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ Mayfair fa atẹ́gùn inú rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 45, ó fún un ní gáàsì. Gíláàsì làágùn. Ó tutù dé eegun!

Ní Sátidé, a ní ìkómọ ní Iléṣà. Ìyá ìyàwó mi ti búra pé òun ò wọ ọkọ̀ mi mọ́, nítorí nígbà tó wọ̀ ọ́ kẹ́yìn, òógùn fọ pọ́dà ojú rẹ̀ dé ọrùn léèsì. Mo bẹ̀ ẹ́, ó wọlé, mo ti gbogbo fèrèsé. Láti Ifẹ̀ títí dé ẹnu Iléṣà, àdúrà ni Mọ̀mí ń ṣe fún mi. Gèlè ò yẹ̀.

A dé ẹ̀bá ọjà Atákúnmọ́sà. Ọlọ́kadà kan dábùú ọ̀nà. Mo tẹ họ́ọ̀nù, àfi bí ẹni ń tẹ móínmóín. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀tì méjì yẹn ti wá sí mi lọ́kàn.

"Bàbá Tóbi, ṣé ọkọ̀ yìí ò ní fèrè ni?"

Kí n tó dáhùn, Mọ̀mí ti yí gíláàsì wálẹ̀. Ọmọ òṣómàálọ́ ni obìnrin yìí. Ohùn tí bàbá rẹ̀ fi ń gbowó aṣọ lọ́wọ́ onígbèsè, òun ló jogún. "Ẹ yà o! Ẹ yà fún ọkọ̀!"

Ọlọ́kadà yà. Ṣùgbọ́n ọjà yìí náà ni Mọ̀mí ti ta aṣọ títí tó fi darúgbó, wọ́n sì dá ohùn rẹ̀ mọ̀. "Ìyá Aláṣọ! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o!" Ẹni tó bá ní kó yà, á kúkú wá sẹ́nu fèrèsé wá kí i. A rìn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, a dúró. A rìn márùn-ún, a tún dúró. Gbogbo òtútù tí mo ṣiṣẹ́ fún ń tú sórí tòmátò àti ẹ̀fọ́. Obìnrin alátà kan ti kí Mọ̀mí tán, kò lọ. Ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ojú fèrèsé, ó di ojú. "Ẹ má tíì lọ, ẹ jọ̀ọ́. Ibí yìí tutù."

Nígbà tá a fi máa dé ibi ìkómọ, wọ́n ti sọmọ lórúkọ.

Bí mo ṣe dé ilé lálẹ́, mo wá họ́ọ̀nù kiri títí mo fi dé ẹ̀yìnkùlé. Tóbi lóṣòó ti báàfù tí ewé ìbẹ́pẹ kún inú rẹ̀. Ó ti wọ́n omi sí wọn lórí.

"Dádì, látọjọ́ yẹn ni mo ti ń fún ìgbín wa lóúnjẹ. Wọn ò jẹ ẹ́."