Ọsàn tí mo fẹ́ fi omi pa

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ọ̀gbìn, wọ́n máa ń ní omi ò lọ́tàá. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ kò bi gbòǹgbò ọsàn léèrè.

Kò pẹ́ tí mo jáde yunifásítì ni màmá kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní kí n máa bá òun tọ́jú ọgbà ẹ̀yìnkùlé òun n'Ìbàdàn. Igi ọsàn kan wà níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n so ẹ̀ka rẹ̀ mọ́ ìdí ọsàn mìíràn. Ọyẹ́ dé, ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Mo ní òùngbẹ ni. Garawa méjì láàárọ̀, méjì nírọ̀lẹ́. Ewé túbọ̀ ń rọ, ó tún ń pọ́n. Mo ní ebi náà wà níbẹ̀, mo bu ajílẹ̀ yúríà sí i. Ó wá ń re ewé.

Bàbá tó ń tọ́jú ọgbà ilé kejì ló yà wá wò ó. Kò tilẹ̀ gbójú sókè wo ewé. Ó fi àdá tú ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ìdí igi, ó bu yẹ̀pẹ̀ sọ́wọ́, ó gbé e sí imú mi: òórùn gọ́tà. Ó mú gbòǹgbò tín-ín-rín kan, ó fi ìka méjì fà á, èèpo rẹ̀ bọ́ bíi ti ẹ̀wà tí a rẹ sómi, ó ku nǹkan bí òwú nínú.

"Ọmọ yunifásítì, ta ló sọ fún ẹ pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́?"

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo ti kọ ọ́ sínú ìdánwò rí: gbòǹgbò ń mí, afẹ́fẹ́ inú ilẹ̀ ló sì ń mí sínú. Bí omi bá gba àyè afẹ́fẹ́, gbòǹgbò á kú, èyí tó bá sì ti kú kò lè fa omi mọ́. Igi náà wà láàárín omi, òùngbẹ ń pa á lóòótọ́! Ìwé ò sọ fún mi pé ewé ẹni tó mu àmujù àti ti ẹni tí kò rí mu jọra.

Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ amọ̀, omi ìfọṣọ màmá ń gba ibẹ̀ kọjá, èmi náà sì ti kó koríko jọ yí igi ká débi pé ó bo ojú ìsopọ̀ náà. Oje ti ń ṣẹ́ jáde lára èèpo níbẹ̀. Àrùn Phytophthora nìyẹn, èyí tó ń mú gbòǹgbò àti èèpo ìdí igi rà. Ilẹ̀ tútù ni ibùgbé rẹ̀.

A kó koríko kúrò, a wa yẹ̀pẹ̀ kúrò títí a fi rí ibi tí gbòǹgbò àkọ́kọ́ ti ya. A gé èyí tó ti rà. A la ojú ìṣàn sí apá ìsàlẹ̀, a darí omi ìfọṣọ gba ibòmíràn. Mo já gbogbo èso orí igi náà dànù kí ẹrù rẹ̀ lè fúyẹ́, màmá fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Àwọn tó ń ta oògùn á ní kí ẹ wá rà. Oògùn lè dá àrùn náà dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ igi bá ṣì wà nínú omi, owó yín ṣòfò.

Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ tó le jù ló kù: kí n má ṣe nǹkan kan. Kò sí omi, kò sí ajílẹ̀. Wọ́n ń sanwó fún mi, mo sì ń dúró wo igi. Màmá rò pé ọ̀lẹ ni mí, ó sọ ọ́ sí mi létí. Lọ́sẹ̀ kẹfà ni ọ̀mùnú yọ. Ẹ̀ka kan ò jí mọ́, a gé e. Ìbẹ́pẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò tilẹ̀ dúró dè wá. Ọjọ́ méjì nínú omi ti tó o.

Nísinsìnyí, kí n tó gbin igi eléso, mo máa ń gbẹ́ kòtò, kí n pọn omi kún un lálẹ́. Bí omi bá ṣì wà níbẹ̀ láàárọ̀, mo máa ń kọ ebè ńlá, orí rẹ̀ ni mo máa ń gbin ín sí. Etí ibi tí òjìji ewé dé ni mo sì ń bomi rin, kì í ṣe ìdí igi.

Ọsàn náà ti ń so báyìí. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ màmá lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ó ṣì máa ń bi mí pé, "O ò ní bomi rin ín lónìí ni?" Màá ki ìka bọlẹ̀ títí dé oríkèé kejì, màá ní, "Rárá, Mà. Ó di ọ̀túnla."