Ìyá kú, ọmọ bá a lọ

Ọ̀gànjọ́ àná, mo jókòó sí yàrá mi ní Lagere, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń han mí létí. Iṣẹ́ kan ń lọ lórí server: ó ń sọ fídíò ńláńlá di kékeré, ètò wẹ́ẹ̀bù wa ló bí i. Wákàtí 3 ti lọ, ó ku fírí. Mo ṣàtúnṣe ìlà kan péré nínú ètò wẹ́ẹ̀bù náà, mo tẹ systemctl restart, àṣẹ tó ń pa ètò kó tó tún un gbé dìde. Bí ètò ṣe kú, iṣẹ́ fídíò bá a lọ. Ṣebí mo ti fi nohup, àṣẹ tí mo rò pé kò ní jẹ́ kó kú, sí i!

"Yéè!"

Bọ̀dá yàrá kejì kanlẹ̀kùn: "Ṣé kò sí?"

Àwọn ni wọ́n là mí lọ́yẹ. Nohup kàn ń di etí sí SIGHUP ni, àmì ti ìgbà tí terminal, ojú ibi tá a ti ń tẹ àṣẹ, bá pa dé. Ní ti systemd, alábòójútó àwọn ètò lórí Linux, gbogbo ohun tó wà nínú cgroup (agboolé) ètò náà ló ń fi SIGTERM, àmì pé kó kógbá wọlé, ránṣẹ́ sí. Èyí tó bá ṣorí kunkun, SIGKILL: ó pa á tipátipá. Setsid, tó ń gbé iṣẹ́ sí session tuntun, gan-an ò gbani, torí cgroup kan náà ló ṣì wà. Wọ́n ní kí n fi systemd-run kọ́ agboolé tirẹ̀ fún un.

"KillMode=process ńkọ́, bọ̀dá, kí systemd pa ìyá nìkan?"

Wọ́n yọ ṣùtì. "Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ọmọ òrukàn ló máa kún ilé ẹ."

Mo ti bẹ̀rẹ̀ láti òdo. 41% la wà báyìí. Ẹ má pe restart sí mi létí.