Ṣíṣọ́ Òkun Ńlá Pẹ̀lú Ènìyàn Díẹ̀: Ohun Tí Mo Rí Lẹ́nu Iṣẹ́ ní Honiara

Gbogbo ilẹ̀ tí orílẹ̀-èdè Kiribati ní kò ju 811 kìlómítà níbùú lóòró lọ, àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 120,000 lọ nígbà ìkànìyàn 2020, ṣùgbọ́n omi òkun tí òfin àgbáyé kà sí tirẹ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ kìlómítà níbùú lóòró, èyí tí ó ju ìlọ́po mẹ́ta gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà lọ. Tuvalu tún kéré jù bẹ́ẹ̀: ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 26 kìlómítà níbùú lóòró péré, àwọn olùgbé rẹ̀ kò sì tó èrò àdúgbò ńlá kan ní Ìbàdàn. Ìwọ̀-oòrùn àti àárín òkun Pàsífíìkì, níbi tí àwọn erékùṣù wọ̀nyí wà, ni èyí tí ó ju ìdajì ẹja tuna tí gbogbo ayé ń jẹ ti ń jáde. Báwo wá ni ìjọba tí àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ẹja rẹ̀ kò ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ ṣe lè ṣọ́ omi tí ó gbòòrò tó bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè yìí ni ó mú mi wá sí Honiara, olú-ìlú Solomon Islands, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lórí àkọsílẹ̀ àti ìṣirò ẹja.

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń fi owó ìrànwọ́ ránṣẹ́ láti òkèèrè gbà pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni ìdáhùn: kí a kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí òtẹ́ẹ̀lì fún ọ̀sẹ̀ kan, kí a kọ́ wọn ní ìṣirò, kí a sì fún wọn ní ìwé ẹ̀rí. Èmi kò bá ẹ̀kọ́ jà, nítorí iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ni èmi náà ń ṣe. Ṣùgbọ́n ní erékùṣù kékeré, ẹni tí ó ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ọkọ̀ ni ó ń lọ sí ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè, òun náà ni ó ń kọ ìròyìn fún àwọn olùrànlọ́wọ́, òun náà sì ni a ń retí pé kí ó jókòó ti àkọsílẹ̀ ẹja. Bí a bá mú un lọ fún ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́fà, àga rẹ̀ yóò ṣófo fún oṣù mẹ́fà. Bí ó bá sì fi ìmọ̀ tuntun padà dé, kì í pẹ́ tí iṣẹ́ tí owó rẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ fi ń gbà á lọ sí ìlú mìíràn. Ẹnikẹ́ni kò lè bá a wí, ó ní ọmọ tí yóò tọ́ bí gbogbo wa.

Ọgbọ́n tí àwọn erékùṣù wọ̀nyí dá fúnra wọn ni pé wọ́n kó agbára wọn jọ sí ojú kan. Ní 1979 ni wọ́n dá àjọ Forum Fisheries Agency sílẹ̀ láti máa bá wọn bójú tó ọ̀rọ̀ ẹja, orílẹ̀-èdè àti agbègbè 17 ni ó wà nínú rẹ̀ báyìí, Honiara níbí sì ni ibùjókòó rẹ̀. Àwọn onímọ̀ tí ń ṣírò iye ẹja tí ó kù nínú òkun wà ní Nouméa, olú-ìlú New Caledonia, lábẹ́ àjọ Pacific Community tí àwọn ìjọba agbègbè náà jọ ní, gbogbo erékùṣù ni wọ́n sì ń ṣe é fún, dípò kí ìjọba kọ̀ọ̀kan máa wá onímọ̀ tirẹ̀ kiri. Ní 1982 ni àwọn tí tuna pọ̀ jù nínú omi wọn fọwọ́ sí Àdéhùn Nauru. Mẹ́jọ ni wọ́n lónìí: Kiribati, Nauru, Tuvalu, Palau, Marshall Islands, Micronesia, Papua New Guinea àti Solomon Islands.

Láti ìparí 2007, ọjọ́ ìpẹja ni àwọn mẹ́jọ yìí ń tà. Wọn a jọ pinnu iye ọjọ́ tí àwọn ọkọ̀ aláwọ̀n ńlá lè fi pẹja nínú omi gbogbo wọn lọ́dún, wọn a pín in láàrin ara wọn, kálukú a sì ta tirẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ Jàpáànì, Kòríà, Taiwan, Ṣáínà, Amẹ́ríkà àti àwọn mìíràn, nígbà tí ẹ̀rọ sátẹ́láìtì tí ó wà lára ọkọ̀ ń fi ibi tí ó wà hàn. Wọ́n fi ẹnu kò sí iye tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà kéré sí, èyí tí ó ti gòkè dé 8,000 dọ́là fún ọjọ́ kan. Owó tí gbogbo wọn jọ ń rí jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 60 dọ́là ní 2010, ó sì sún mọ́ mílíọ̀nù 500 láàrin ọdún díẹ̀ sí i. Nígbà tí El Niño bá dé, tí omi gbígbóná sún sí ìlà-oòrùn, tí ẹja sì bá a lọ sọ́dọ̀ Kiribati, ẹni tí ẹja sá fún lè gbé ọjọ́ tirẹ̀ fún ẹni tí ẹja lọ bá. Lójú tèmi, ìdúnàádúrà ọdọọdún yìí ti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ erékùṣù ju ìpàdé òtẹ́ẹ̀lì èyíkéyìí lọ.

Síbẹ̀, bí mo bá ní láti tọ́ka sí ibi kan ṣoṣo tí owó ẹ̀kọ́ ti so èso, àwọn alákìíyèsí inú ọkọ̀ ni n ó mú. Láti 2010 ni òfin agbègbè náà ti sọ ọ́ di dandan pé kí alákìíyèsí wà nínú ọkọ̀ tí ń fi àwọ̀n yí agbo tuna ká, tí wọ́n sì ń fa okùn ìdí àwọ̀n náà pọ̀ bí ẹni fún ẹnu àpò. Ọ̀dọ́ ni púpọ̀ nínú wọn, ọmọ abúlé etíkun, tí wọ́n gba ẹ̀kọ́ lábẹ́ ìlànà kan náà fún gbogbo erékùṣù. Wọn a wọ ọkọ̀ àjèjì fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, láàrin àwọn atukọ̀ tí wọn kò gbọ́ èdè wọn. Wọ́n ń kọ ibi tí àwọ̀n ti wọ omi sílẹ̀, àti bóyá agbo tí ń rìn fúnra rẹ̀ ni wọ́n kó tàbí èyí tí ó kóra jọ sábẹ́ ohun léfòó tí a fi tan án. Wọ́n ń ya ọmọ bigeye sọ́tọ̀ kúrò lára yellowfin, bẹ́ẹ̀ oríṣi tuna méjèèjì yìí jọ ara wọn gan-an, wọ́n ń wọn gígùn ẹja, wọ́n sì ń kọ iye èyí tí a dà sómi. Àkọsílẹ̀ yìí ni ó ń dé Nouméa, bí kò bá sì péye, ìṣirò tí a gbé ka orí rẹ̀ kò lè dúró. Pé oríṣi tuna mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó ṣe pàtàkì níbí ṣì wà ní ipò tí ó dára, ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí wà nínú rẹ̀.

Ewu iṣẹ́ náà pọ̀. Àwọn kan wọkọ̀ tí wọn kò padà wálé mọ́, ẹbí wọn kò sì rí àlàyé tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn gbà. Nígbà àrùn Kòrónà ní 2020, wọ́n dá òfin náà dúró, ó sì di 2023 kí ó tó padà di dandan. Láàrin ìgbà náà ni àwọn kan gba iṣẹ́ mìíràn lọ, tí ìmọ̀ wọn sì bá wọn lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ohun tí ó yẹ kí a ná owó sí, n ó ní owó oṣù tí kì í yẹ̀, adójútòfò tí ẹbí lè rí gbà, àti ẹ̀rọ tí alákìíyèsí lè fi ránṣẹ́ sílé láìgba ọwọ́ ọ̀gá ọkọ̀ kọjá.

Ọmọ Èpé ni mí, ọjà Olúwo ni ìyá mi ti ta ẹja tọ́ wa dàgbà, nítorí náà ẹja dídín pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ sísè ní ọjà Honiara kò ṣe mí ní àjèjì, Pijin wọn kò sì ṣòro gbọ́ fún ẹni tí ó gbọ́ ti Nàìjíríà. Èyí tí ó wúlò jù fún iṣẹ́ mi ni pé mo mọ ohun tí ẹbí jẹ́. Bí òkú bá ṣẹlẹ̀ lábúlé, òṣìṣẹ́ yóò wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sílé, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó dé. Àwọn onímọ̀ràn kan láti ilẹ̀ òyìnbó ń pe èyí ní ìmẹ́lẹ́, ó sì ń dùn mí bí mo bá gbọ́ ọ. Ohun tí ó yẹ ni pé kí a máa kọ́ ènìyàn méjì sí àga kan, níbi tí wọ́n jókòó sí gan-an, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ tiwọn lọ́wọ́ wọn.

Etíkun ni iṣẹ́ ṣì kù sí jù. Erékùṣù Solomon sún mọ́ 1,000, ọ̀pọ̀ nínú àpáta iyùn tí ẹja ń gbé sì jẹ́ ti ìdílé àti ẹ̀yà, tí àwọn àgbà lè sọ pé kí ẹnikẹ́ni má pẹja níbẹ̀ fún ìgbà kan. Ìjọba ti fòfin de títa sea cucumber, ẹ̀dá inú òkun kan tí ó rí bí apálá, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí pé àwọn oníṣòwò ń kó o tán. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ẹja tí ó wà ní ìgbèríko lè ní ọkọ̀ kí ó má ní epo, àwọn obìnrin tí ń kó ìkarahun lẹ́bàá òkun kò sì sí nínú ìwé kankan. Ní abúlé kan, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí wọ́n ń kó sílẹ̀, ìwé àti pẹ́ńsù ni a sì ń lò. Olùkọ́ obìnrin kan àti àbúrò rẹ̀ ni wọ́n jọ ń kọ ọ́, kí iṣẹ́ má baà dúró bí ọ̀kan nínú wọn bá rìnrìn àjò.