Ẹ bá mi yin Olùgbé-orí-mi-sókè o

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dúpẹ́. Táwọn èèyàn bá ń pe Ọlọ́run ní Olùgbé-orí-mi-sókè, oríkì ni wọ́n ń kì, àmọ́ ọ̀rọ̀ gidi ni lọ́dọ̀ tèmi, torí odidi ọdún 2 ni mi ò fi lè dá orí ara mi gbé.

Láti kékeré lara mi ti rọ̀ bíi rọ́bà. Mo lè ká àtàńpàkò kó kan apá, àwọn ọmọ kíláàsì á pàtẹ́wọ́, èmi náà á máa yangàn, mi ò mọ̀ pé wàhálà ni mò ń fi ṣeré. Lọ́jọ́ kan mo gbé orí sẹ́yìn kí wọ́n bá mi fọ irun, mo kàn gbọ́ kọ̀ọ́ nínú ọrùn, ojú mi ṣókùnkùn. Àtọjọ́ náà ni ẹ̀fọ́rí ti ń ti ìpàkọ́ bẹ̀rẹ̀, òòyì ń kọ́ mi, ọwọ́ ń ṣe mí bíi pé èèrà ń rìn nínú ẹ̀, tí mo bá jókòó ìṣẹ́jú 20 àfi kí n fọwọ́ ti àgbọ̀n.

Wọ́n ya èkìsíréè lórí ìdùbúlẹ̀, wọ́n ní kò sí nǹkankan, wọ́n ní mo ń ronú jù ni. Ẹnìkan tiẹ̀ di orí mi mú ó yí i gbì pé òun fẹ́ tò ó, háà, ọjọ́ 3 ni mi ò fi dìde. Ẹ jọ̀ọ́, tí ara yín bá rọ̀ bíi tèmi, kí ẹnikẹ́ni má yí yín lọ́rùn o.

Ọ̀dọ̀ màmá kan tó jẹ́ físíò, àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, ni Ọlọ́run ti yọ sí mi. Kò tíì fọwọ́ kan ọrùn mi tó fi ní kí n ká àtàńpàkò, ìka kékeré, ìgúnpá, orúnkún, kí n bẹ̀rẹ̀ kí n fàtẹ́lẹwọ́ kanlẹ̀, ó ń ka máàkì bí ara mi ṣe rọ̀ tó lórí 9, mo gba 8. Inú mi dùn bí ẹni pegedé, àṣé ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà! Ó ní egungun 7 ló wà lọ́rùn, 2 tó wà lókè pátápátá ló gbé orí tí wọ́n sì ń bá a yí, orí ọ̀hún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 5. Tèmi wá jẹ́ pé okùn tó so wọ́n pọ̀ ti dẹ̀, ẹran ọrùn ló wá ń ṣiṣẹ́ okùn mọ́ tiẹ̀ tọ̀sán tòru. Wọ́n tún èkìsíréè yà, mo tẹ orí síwájú, mo gbé e sẹ́yìn, ni gbogbo wa bá rí egungun tó ń yọ̀ lórí ìkejì ẹ̀.

Ìwòsàn tèmi ò wá bíi mànàmáná o. Màá dùbúlẹ̀, màá mi orí díẹ̀ báyìí bí ẹni ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, màá dá a dúró kí n ka 10, kò gbọdọ̀ le. Màá tún fàtẹ́lẹwọ́ ti iwájú orí, orí ò gbọdọ̀ mira. Inú bí mi, mo ní ṣé torí eléyìí ni mo ṣe wá! Oṣù 3 kọjá kò síyàtọ̀, ìgbà tó di oṣù kẹfà ẹ̀fọ́rí bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra. Kọ́là ọrùn, ìyẹn nǹkan tí wọ́n ń dè mọ́ ọrùn kó lè gbé orí dúró, inú mọ́tò nìkan ni mò ń wọ̀ ọ́, màmá físíò ní tí mo bá ń wọ̀ ọ́ káàkiri ẹran ọrùn á ya ọ̀lẹ.

Okùn yẹn ṣì dẹ̀, mi ò ní parọ́ nílé Ọlọ́run. Wọ́n sì kìlọ̀ fún mi pé lọ́jọ́ tẹ́sẹ̀ bá ń kú tàbí tí ìtọ̀ ń dá yọ, ọsibítù ni tààrà, kí n má dúró dọ̀la. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá mo jókòó wákàtí 2 gbáko nínú ìsìn, ẹ̀gbọ́n mi ló tọ́ mi pé ọwọ́ dà lágbọ̀n. Mi ò tiẹ̀ mọ̀. Méjèèjì ti wà lókè, mò ń kọrin.