Ọdún tí a jọ dáko: àyẹ̀wò ọdún mi

Ọyẹ́ ti dé sí Àkúrẹ́, kálukú sì ti ń ṣírò bí ọdún ṣe lọ. Èmi náà fẹ́ ṣe tèmi. Nínú gbogbo ohun tí ọdún yìí mú wá, ẹgbẹ́ olóko wa ni mo fẹ́ fi ṣáájú: àwa òṣìṣẹ́ yunifásítì kan náà tí a jọ ń gbin ewébẹ̀ sí ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé àwọn òṣìṣẹ́. Òun ló jẹ́ kí n mọ àwọn ènìyàn tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́ tipẹ́tipẹ́.

Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ ní yunifásítì rí lè má mọ bí àwa òṣìṣẹ́ ṣe pín sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn olùkọ́ ní ASUU, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1978. Àwọn òṣìṣẹ́ àgbà tí kì í kọ́ni ní SSANU. Àwọn tó ń mójú tó láàbù àti ẹ̀rọ ní NAAT. NASU ni ẹ ó ti rí ọ̀pọ̀ awakọ̀, agbálẹ̀ àti àwọn akọ̀wé kéékèèké. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn tirẹ̀, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. SSANU ni èmi wà, mi ò sì ní kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ìpàdé bá ti tú, kálukú á padà sọ́dọ̀ irú tirẹ̀. Rẹ́jísírì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo lè mọ ọjọ́ tí wọ́n gba olùkọ́ kan síṣẹ́, kí n mọ ọdún tó gba ìgbéga, kí n mọ iye ọmọ tó kọ sínú ìwé, síbẹ̀ kí n má mọ ohùn rẹ̀.

Oko ló yí ìyẹn padà. Ilẹ̀ náà kò tóbi. Ewédú, ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ilá àti àgbàdo díẹ̀ la gbìn sí i. Nígbà tí òjò máa fi bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kẹta, a ti kọ ebè tán, òwúrọ̀ Sátidé la sì ń pàdé. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà jù nínú wa ni bàbá awakọ̀ kan tí wọ́n tọ́ dàgbà ní oko kòkó lọ́nà Ìdànrè. Ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò kan ni ebè rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé àpò ìgbẹ́ adìẹ dé, ó sì ti fẹ́ máa dà á sí ìdí tẹ̀tẹ̀.

“Prof, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná,” ni bàbá wí. “Tútù lèyí. Ó máa jó wọn ni.”

“Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, bàbá. Kí ni ká ṣe sí i?”

“Ẹ jẹ́ ká kó o jọ sábẹ́ igi, ká fi ewé bò ó. Tí ooru inú rẹ̀ bá ti lọ, tí kò rùn mọ́, ìgbà yẹn la ó lò ó.”

Bí ọ̀rẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àbíkẹ́yìn bàbá, obìnrin, wọ SS3 ní oṣù Kẹsàn-án, ìṣirò sì ń yọ ọ́ lẹ́nu gan-an. Kò sẹ́ni tó bẹ Prof, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí ọmọ náà máa bá wa wá. Abẹ́ igi máńgòrò ló ti ń kọ́ ọ. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ agbálẹ̀ kan kún un, lẹ́yìn náà ọmọ tèmi. WAEC wọn di ọdún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ tí ọmọ bàbá ń ṣàlàyé ìṣirò fún àwọn yòókù láìwo ìwé, inú mi sì dùn púpọ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé bí ẹgbẹ́ yóò bá dọ́gba, kí gbogbo ènìyàn bọ́ oyè sílẹ̀, ká máa pe ara wa lórúkọ. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Prof ṣì ni Prof nínú oko wa, àwọn ọ̀dọ́ ṣì ń kúnlẹ̀ kí bàbá awakọ̀, “mà” sì ni wọ́n ń pè mí. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ẹni tó bá mọ nǹkan ló ń kọ́ni, ipò tó wù kó wà.

Kọ́párétífù òṣìṣẹ́ náà wà, ó sì dára. Ní 2022, tí ASUU fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, tí owó oṣù olùkọ́ dúró, mo mọ ilé tó jẹ́ pé owó tí wọ́n ti fi pamọ́ síbẹ̀ ni wọ́n fi jẹun. Ṣùgbọ́n nínú tiwa, ẹni tó bá fẹ́ yá owó gbọ́dọ̀ mú onídùúró méjì wá, ibẹ̀ ló sì ti máa ń le. Lọ́dún yìí, ọ̀kan nínú àwọn agbálẹ̀ wa nílò owó iṣẹ́ abẹ fún ìyá rẹ̀. Ó rí onídùúró kan, kò rí èkejì. Ọkùnrin láàbù kan tí ebè rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ ló bu ọwọ́ lùwé. Ó ní, “Nígbà tí mo rìnrìn àjò, òun ló ń ro ilá mi, mi ò sì bẹ̀ ẹ́. Kí ni mo tún fẹ́ wádìí?”

Ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì ló gbà mí lọ́kàn jù. Láti 2012 ni òfin ti fi àyè gba òṣìṣẹ́ yunifásítì tí kì í kọ́ni láti ṣiṣẹ́ títí di ẹni ọdún 65, tí ọ̀jọ̀gbọ́n sì lè ṣiṣẹ́ dé 70. Lóṣù Kẹwàá ló kan bàbá awakọ̀. A sè, a jẹ, a gbàdúrà fún un, ó sì dá káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ padà. Èmi tí mo ń tọ́jú fáìlì mọ bó ṣe máa ń rí lẹ́yìn ìyẹn. Ẹni náà á wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nítorí owó ìfẹ̀yìntì. Lẹ́yìn náà a ò ní rí i mọ́, àfi kí a ka orúkọ rẹ̀ lára ìkéde òkú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri.

Nígbà tí a ṣe ìpàdé, àwọn kan ní ebè bàbá gbọ́dọ̀ lọ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó ń dúró de àyè, nítorí ilẹ̀ òṣìṣẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣe é sọ nù, ọ̀dọ́ tó ń dúró náà ní ẹ̀tọ́. Èmi dìde, mo ní bí bàbá bá lọ, ìmọ̀ oko wa ló lọ yẹn. Àríyànjiyàn náà pẹ́ kó tó yanjú. Ibi tí a fẹnu kò sí ni pé ẹni tó bá fẹ̀yìn tì yóò mú ebè rẹ̀ títí ó fi wù ú, ṣùgbọ́n kí ó gba ẹni tuntun kan mọ́ra lórí rẹ̀.

Bàbá kan náà ló kó wa gun Òkè Ìdànrè lóṣù Kọkànlá. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. Lókè, níbi tí àwọn ará ìlú gbé títí di 1923 kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá, ó fi ààfin àtijọ́ àti ilé ẹjọ́ hàn wá. Òun ló ń dúró dè wá ní gbogbo ibi ìsinmi.

Iṣẹ́ ṣì kù fún ọdún tó ń bọ̀. Àwọn sìkiọ́rítì tó ń ṣiṣẹ́ òru kò lè bá wa pàdé ní òwúrọ̀ Sátidé, nítorí àsìkò yẹn ni wọ́n fẹ́ sùn. Nítorí náà a ó fi ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kún un láti oṣù Kìíní. Omi tún jẹ́ ìṣòro ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí, a sì ti ń dáwó táńkì. Àyè ṣì wà ní apá ibi igi máńgòrò. Ẹ̀yin ará ibiṣẹ́ tí ẹ bá fẹ́ dara pọ̀, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ wà, ẹ mú ọkọ́ tiyín wá. Ìgbẹ́ adìẹ wà nílẹ̀, ó sì ti jinná.